Nọ́ńbà Ọrùn, Nọ́ńbà Ìbò: Bí Nunavut Ṣe Di Ìjọba

Ohun kékeré roboto kan ni, kò tóbi ju owó ẹyọ lọ. Awọ tàbí páálí líle ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n dá ihò sí i létí kí okùn lè gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n tẹ adé ọba Gẹ̀ẹ́sì àti orúkọ Kánádà sí i lára, wọ́n sì kọ lẹ́tà kan àti nọ́ńbà sí i. Ẹni tí wọ́n bá fún ní láti so ó mọ́ ọrùn tàbí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì fi hàn nígbà tí ọlọ́pàá, dókítà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba bá béèrè. Láti ọdún 1941 ni ìjọba Kánádà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín in fún àwọn Inuit, àwọn onílẹ̀ àríwá jíjìnnà tí àwọn aláwọ̀ funfun ìgbà náà ń pè ní Eskimo, nítorí pé àwọn akọ̀wé kò lè pe orúkọ wọn, wọn kì í kọ orúkọ kan náà bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò sì rí orúkọ ìdílé tí wọn ì bá fi mọ agbo ilé kan yàtọ̀ sí òmíràn. Lẹ́tà E dúró fún ìlà-oòrùn, W dúró fún ìwọ̀-oòrùn. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé lẹ́tà ń sọ agbègbè. Èyí tó gbẹ̀yìn ni ti ẹni náà fúnra rẹ̀. Bí ọmọ bá dé ayé, nọ́ńbà tirẹ̀ náà ń bọ̀ lọ́nà.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ka ìtàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí, mo sì lè sọ ní òótọ́ pé kì í ṣe yìnyín tàbí béárì funfun ló fà mí wọ inú rẹ̀. Orúkọ ni. Ọmọbìnrin mi kejì ń jẹ́ Yétúndé. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá ìyàwó mi papò dà ni a bí i, títí di òní olónìí ìyàwó mi kì í fẹ́ pe orúkọ náà tán. “Ìyá mi” ló máa ń pè é, bí ọmọ náà bá sì ń sunkún, mo máa ń gbọ́ tó ń bẹ̀ ẹ́ pé, “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” pẹ̀lú ẹ tí a ń fi bọ̀wọ̀ fún àgbà, èyí tí àwọn ọmọ tó kù kò rí gbà rí. Nítorí náà, nígbà tí mo kà á pé orúkọ olóògbé ni àwọn Inuit máa ń fi sọ ọmọ tuntun, pé orúkọ náà kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, pé ìbátan tó wà láàárín olóògbé àti àwọn ará ilé máa ń bá orúkọ náà wọlé, débi pé ìyá lè máa pe ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ní bàbá òun, kò sí ẹni tó nílò láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, tí orúkọ wọn ru gbogbo ìtàn ilé wọn dání, ni ìjọba kan wò tí ó sì pinnu pé wọn kò ní orúkọ tí ó ṣeé kọ sínú ìwé.

Èrò mi nínú àròkọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ìtàn ìṣàkóso ilẹ̀ tí a ń pè ní Nunavut lónìí jẹ́ ìtàn ẹni tó ń ka ènìyàn àti ẹni tí wọ́n ń kà. Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ka àwọn Inuit bí ẹni ń ka ẹrù. Nígbà tó yá, àwọn náà kọ́ bí a ti ń ka ara ẹni, iye tí wọ́n sì kà ni wọ́n fi gba ilé ìjọba.

Nunavut túmọ̀ sí “ilẹ̀ wa” ní èdè Inuktitut. Ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì kìlómítà níbùú lóròó, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo Kánádà, ó sì ju ìlọ́po méjì Nàìjíríà lọ. Ìkànìyàn ọdún 2021 rí ènìyàn 36,858 níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kí ó lè wọlé: ilẹ̀ tó ju Nàìjíríà méjì lọ, ènìyàn inú rẹ̀ kò sì tó ti ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo láàárín ìgboro Ìbàdàn. Ìlú àti abúlé 25 ni wọ́n pín sí, gbogbo wọn ló wà létí òkun àfi Baker Lake, kò sì sí títì tó so ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì tàbí tó so èyíkéyìí nínú wọn mọ́ gúúsù Kánádà. Ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ń wọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ẹrù ńláńlá, láti orí epo dé orí pákó ìkọ́lé, ń bá ọkọ̀ ojú omi wá ní àkókò kúkúrú tí òkun bá fi yọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Bí nǹkan kan kò bá bá ọkọ̀ ọdún yìí wá, ó di ọdún tó ń bọ̀, àyàfi tí ẹni náà bá lágbára àtisan owó ọkọ̀ òfurufú.

Ọ̀nà tí ilẹ̀ yìí gbà di ti Kánádà kò gùn láti sọ, nítorí pé kò sí ẹni tó bi àwọn onílẹ̀ léèrè ní ìpele kankan. Ní ọdún 1670, Ọba Charles Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ilé-iṣẹ́ oníṣòwò kan, Hudson's Bay Company, ní àṣẹ lórí gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn sínú Hudson Bay, ilẹ̀ tí ọba náà kò rí rí. Ní ọdún 1870, wọ́n gbé e lé Kánádà lọ́wọ́, Kánádà sì san 300,000 pọ́n-ùn fún ilé-iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá mọ bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ra ilẹ̀ tiwa padà lọ́wọ́ Royal Niger Company ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọgbọ́n kan náà ni. Ní ọdún 1880, Gẹ̀ẹ́sì tún fi àwọn erékùṣù àríwá kún un. Láti ọdún 1870, àwọn tó jókòó sí Ottawa, olú-ìlú Kánádà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sórí máàpù: wọ́n dá Keewatin sílẹ̀ ní 1876, wọ́n dá Franklin àti Ungava sílẹ̀ ní 1895, wọ́n gé apá kan fún Manitoba, Ontario àti Quebec ní 1912. Franklin jẹ́ orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó sọnù sínú yìnyín pẹ̀lú gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀. Mo ti ronú sí i lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀, tí wọn kò sọnù, kò rí ẹni fi orúkọ tiwọn pe ilẹ̀ náà.

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ mú ìjọba wo àwọn ènìyàn náà gan-an ni ìbéèrè owó. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí òwò awọ ẹranko wó lulẹ̀ tí ebi sì ń pa àwọn kan, Ottawa àti Quebec ń ti ara wọn pé ta ni yóò san owó ìrànlọ́wọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, àwọn adájọ́ sì dá a ní 1939 pé lábẹ́ òfin ọdún 1867 tó dá Kánádà sílẹ̀, “Indian”, orúkọ tí òfin ń pe àwọn onílẹ̀, ni àwọn Inuit jẹ́, nítorí náà ẹrù Ottawa ni wọ́n. Ní ọdún 1951, nígbà tí wọ́n tún Òfin Indian kọ, wọ́n yọ àwọn Inuit kúrò nínú rẹ̀. Ẹrù ìjọba ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú òfin tó ń tọ́jú ẹrù náà. Ìbò náà rí bẹ́ẹ̀: òfin gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1934, ó dá a padà ní 1950, ṣùgbọ́n ó di 1962 kí àpótí ìbò tó dé gbogbo ìlú wọn ní ìlà-oòrùn. Nọ́ńbà ọrùn ti wà lára wọn fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìwé ìbò tó kàn wọ́n lọ́wọ́.

Kí n má ṣe ojúsàájú, nọ́ńbà náà ní ìwúlò tirẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń san owó àwọn ọmọ fún ìdílé, òun sì ni wọ́n fi ń tọ́pa ẹni tí ikọ́ ife gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní gúúsù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan lọ tí ará ilé wọn kò tún gbọ́ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ti lè kà ni a lè kó. Èyí ni ó gbé mi dé ọdún 1953.

Ní ọdún náà, ìjọba kó àwọn ìdílé kan láti Inukjuak, ní àríwá Quebec, sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ C.D. Howe, wọ́n sì kó wọn lọ sí Resolute àti Grise Fiord, nǹkan bí 2,000 kìlómítà sí àríwá. Wọ́n fi àwọn ìdílé kan láti Pond Inlet kún wọn, kí wọ́n lè kọ́ wọn bí a ti ń gbé ibi tí òkùnkùn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó àwọn mìíràn lọ ní 1955, gbogbo wọn pátápátá kò sì pé ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni pé ẹran pọ̀ níbẹ̀, pé gbogbo wọn yóò wà pa pọ̀, pé ẹni tí ibẹ̀ kò bá bá lára mu lè padà lẹ́yìn ọdún méjì. Nínú ọkọ̀, lórí omi, ni wọ́n tó sọ fún wọn pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò ti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tí ó mọ ilẹ̀ tí oòrùn máa ń yọ lójoojúmọ́ bá ara wọn níbi tí oòrùn ti máa ń wọ̀ ní oṣù kọkànlá tí kò sì ní yọ mọ́ títí di oṣù kejì. Inú àgọ́ aláṣọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ òtútù àkọ́kọ́. Orúkọ tí àwọn Inuit ń pe Resolute ni Qausuittuq, ibi tí ilẹ̀ kì í mọ́. Wọ́n ń pe Grise Fiord ní Aujuittuq, ibi tí kì í yọ́. Kò sí ẹni tó mú wọn padà lẹ́yìn ọdún méjì.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba takú fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ọdẹ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kó wọn lọ. Àwọn tí wọ́n kó sọ pé àsíá ni wọ́n fi àwọn ṣe: àkókò tí Amẹ́ríkà ń kọ́ ibùdó ojú ọjọ́ àti ti ológun káàkiri àríwá ni, Kánádà sì fẹ́ kí ayé rí i pé ènìyàn òun ń gbé orí erékùṣù wọ̀nyẹn. Lójú tèmi, ẹni tó bá wo ibi tí wọ́n sọ wọ́n kalẹ̀ sí lórí máàpù kò ní nílò ìwádìí púpọ̀. Ènìyàn tó bá fẹ́ kí àwọn ọlọ́dẹ rí ẹran pa kì í yan àríwá jù lọ nínú gbogbo àríwá.

Ọmọdé kan wà nínú àwọn tó wọ ọkọ̀ náà, kò tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. John Amagoalik ni orúkọ rẹ̀. Resolute ló dàgbà sí. Òun ni àwọn ènìyàn ń pè ní Bàbá Nunavut lónìí, kò sì ṣeé ṣe fún mi láti ka ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà láìrántí ọmọ yẹn lórí omi.

Ní àwọn ọdún 1960, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀. Àwọn Inuit ti ń kúrò ní bùdó ọdẹ wọn, àwọn kan nítorí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn, àwọn kan nítorí pé wọ́n fi ipá mú wọn, wọ́n sì ń kó jọ sí àwọn ìlú kéékèèké tí ìjọba kọ́. Títí di ìgbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ottawa ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso Northwest Territories, agbègbè ńlá tí ilẹ̀ Nunavut wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Abraham Okpik ni Inuit àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn sínú rẹ̀, ní 1965. Simonie Michael ni Inuit àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn dìbò yàn, ní 1966. Simonie Michael dìde nínú ìgbìmọ̀, ó sì sọ pé òun kò fẹ́ kí wọ́n máa fi nọ́ńbà pe òun mọ́. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé wọ́n rán Okpik lọ sí gbogbo ìlú àti bùdó láti 1968 sí 1971, kí ó máa béèrè lọ́wọ́ ìdílé kọ̀ọ̀kan pé orúkọ wo ni wọ́n fẹ́ máa jẹ́.

Mo bọ̀wọ̀ fún Okpik púpọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè fi iṣẹ́ náà ṣe àjọyọ̀ pátápátá. Nọ́ńbà lọ, ohun tó rọ́pò rẹ̀ sì ni orúkọ ìdílé lọ́nà ti òyìnbó. Orúkọ tí bàbá ti gbà lọ́wọ́ olóògbé kan, tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, di ohun tí ìyàwó àti gbogbo ọmọ rẹ̀ ń jẹ́. Àwọn ọmọ ìyá kan náà gba orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Akọ̀wé kọ orúkọ kan ní ọ̀nà mẹ́ta. Bí ẹni pé wọ́n sọ fún ìdílé tí ó ní Babátúndé kan pé láti òní lọ, ìyá, àbúrò àti ajá ilé gbogbo ń jẹ́ Babátúndé.

Ní ọdún 1967, wọ́n gbé ìjọba Northwest Territories kúrò ní Ottawa wá sí Yellowknife. Èyí dára fún àwọn ará ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n láti ibi tó wá di Iqaluit, olú-ìlú Nunavut, Yellowknife ju 2,000 kìlómítà lọ. Àwọn ọ̀dọ́ Inuit tí wọ́n ti kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, tí wọ́n sì ti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ju bí àwọn olùkọ́ wọn ṣe fẹ́ lọ, dá ẹgbẹ́ Inuit Tapirisat sílẹ̀ ní 1971, Tagak Curley sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ ṣe ni ó wú mi lórí jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí. Dípò kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbẹjọ́rò, wọ́n tẹ́ máàpù sílẹ̀ níwájú àwọn ọdẹ. Ọdẹ kọ̀ọ̀kan fi kálàmù sàmì sí gbogbo ibi tó ti ṣọdẹ láti ìgbà èwe rẹ̀: ibi tó ti pa caribou, irú àgbọ̀nrín àríwá, ihò yìnyín tó ti dúró de síìlì, ẹran inú òkun, odò tó ti pẹja, ibi tó pàgọ́ sí. Àwọn tó ṣe é ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1976. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo máàpù náà lé ara wọn, ilẹ̀ tí Ottawa ń pè ní òfìfo kò ní ibi tó ṣófo mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò dúró ní etí òkun, nítorí pé yìnyín orí omi náà jẹ́ ilẹ̀ lójú ẹni tó ń ṣọdẹ lórí rẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni wọ́n gbé ẹ̀bẹ̀ Nunavut síwájú ìjọba.

Lẹ́yìn náà ó di ọ̀rọ̀ ìbò. Ní oṣù kẹrin 1982, wọ́n bi gbogbo Northwest Territories léèrè bóyá kí wọ́n pín in sí méjì. Ìdá 56 nínú 100 sọ pé kí wọ́n pín in, ní ìlà-oòrùn sì ni ẹni mẹ́rin nínú márùn-ún ti fọwọ́ sí i. Ibi tí ìlà yóò gbà ló wá dá wọn dúró fún ọdún mẹ́wàá, torí pé àwọn Dene, àwọn onílẹ̀ mìíràn tó jẹ́ aládùúgbò wọn, náà ń ṣọdẹ caribou kan náà, máàpù àwọn méjèèjì sì ń gun ara wọn. Ẹni tó bá ti rí ìjà ààlà oko mọ̀ pé kì í tán pẹ̀lú ẹ̀rín. Ní oṣù karùn-ún 1992, ìdá 54 nínú 100 fọwọ́ sí ìlà kan, èyí tó fi hàn pé inú ọ̀pọ̀ kò dùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ó kan àwọn Inuit nìkan láti dìbò lórí àdéhùn ilẹ̀ wọn, ìdá 85 nínú 100 àwọn tó dìbò sì gbà á. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà ní Iqaluit ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 1993.

Ohun tó wà nínú ìwé náà yẹ kí a wò ó dáadáa, nítorí pé àwọn tó ń yin Nunavut láti òkèèrè kì í sábà kà á. Àwọn Inuit gba ìwé ilẹ̀ lórí nǹkan bí 350,000 kìlómítà níbùú lóròó, tí ẹ̀tọ́ sí àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ sì wà lórí nǹkan bí 36,000 péré nínú rẹ̀. Wọ́n gba owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, tí wọ́n san fún wọn láàárín ọdún mẹ́rìnlá. Wọ́n gba ìlérí pé wọn yóò dá agbègbè Nunavut sílẹ̀. Ní pàṣípààrọ̀, wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ àbáláyé wọn lórí gbogbo ilẹ̀ tó kù fún ìjọba, títí láé. Àwọn onílẹ̀ mìíràn ní Kánádà bú wọn fún èyí. Èmi kò lè bú wọn. Ẹni tí wọ́n ti gbé nínú ọkọ̀ lọ síbi tí ilẹ̀ kì í mọ́ mọ̀ ju mi lọ bóyá ó sàn kí òun ní ẹ̀tọ́ ńlá nínú ìwé àtijọ́ tàbí kí òun ní ọ́fíìsì tí òun lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ibi tí iye ènìyàn ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Àwọn Inuit kò béèrè fún ìjọba Inuit nìkan. Wọ́n béèrè fún ìjọba tí gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lè dìbò sí, aláwọ̀ funfun, dúdú tàbí Inuit, nítorí wọ́n ti ka ara wọn, wọ́n sì mọ̀ pé nínú ènìyàn mẹ́wàá àwọn ju mẹ́jọ lọ. Pẹ̀lú irú iye bẹ́ẹ̀, ìbò lásán tó láti fi ìjọba sí ọwọ́ wọn. Mo rí ọgbọ́n ńlá nínú èyí, mo sì rí ewu tó fara pamọ́ sínú rẹ̀: ìjọba tó dúró lórí iye lè yẹ̀ bí iye bá yẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tí Amagoalik jẹ́ alága rẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ ètò lé lọ́wọ́. Ní ọdún 1995, àwọn ènìyàn dìbò láti mú Iqaluit ṣe olú-ìlú dípò Rankin Inlet. Ìgbìmọ̀ náà tún dábàá pé kí ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan máa yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan sí ilé aṣòfin, ohun tí kò sí níbòmíràn láyé nígbà náà, ṣùgbọ́n ìdá 57 nínú 100 kọ̀ ọ́ nínú ìbò oṣù karùn-ún 1997. Nígbà tí wọ́n dìbò àkọ́kọ́ ní oṣù kejì 1999, obìnrin kan ṣoṣo ló wọlé láàárín àwọn mọ́kàndínlógún. Paul Okalik, agbẹjọ́rò ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, di olórí ìjọba. Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú níbẹ̀ títí di òní. Àwọn aṣòfin ló ń yan olórí àti àwọn mínísítà láàárín ara wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1999, Nunavut bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú ni láti mú gbogbo ilẹ̀ náà lo aago kan ṣoṣo. Àwọn ìlú tó wà ní ìwọ̀-oòrùn kò fẹ́ máa jí nínú òkùnkùn nítorí Iqaluit, nígbà tó sì fi di 2001 wọ́n ti padà sí aago mẹ́ta. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, nítorí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn ará ìlú náà bá ìjọba tiwọn jà, tí wọ́n sì borí.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 27,000 ènìyàn ni wọ́n. Ìkànìyàn 2006 rí 29,474, ti 2011 rí 31,906, ti 2016 rí 35,944, ti 2021 sì ni 36,858 tí mo ti mẹ́nu bà. Ìdàgbà yìí kì í ṣe ti àwọn àlejò ní pàtàkì. Ọmọ ni wọ́n ń bí. Nínú ènìyàn mẹ́ta, ọ̀kan kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìdajì gbogbo wọn kò sì ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, nígbà tí ti Kánádà lápapọ̀ ju ogójì ọdún. Ilé kò tó wọn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló há mọ́ ara wọn nínú ilé kan náà. Nǹkan kan wà tó dùn mọ́ mi nínú bí wọ́n ṣe ń kà wọ́n báyìí: ní àwọn ìlú àríwá jíjìnnà, àwọn akànìyàn máa ń lọ ní ìparí òtútù, oṣù díẹ̀ ṣáájú àwọn ará gúúsù, kí àwọn ènìyàn tó túká lọ sí bùdó ọdẹ. Ìjọba tó fi nọ́ńbà kọ́ wọn lọ́rùn ti wá ń tẹ̀ lé àkókò ọdẹ wọn.

Iqaluit, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ibi tí ẹja pọ̀ sí, tí wọ́n ń pè ní Frobisher Bay títí di 1987, ní ènìyàn 7,429 ní 2021. Níbẹ̀ ni ìṣòro iye ti hàn jù. Àwọn Inuit inú rẹ̀ kò ju ìdajì lọ púpọ̀, nítorí pé iṣẹ́ ìjọba ń fa àwọn ènìyàn wá láti gúúsù, títí kan àwọn ọmọ Nàìjíríà. Àdéhùn 1993 sọ pé kí ipín Inuit nínú iṣẹ́ ìjọba bá ipín wọn nínú iye ènìyàn mu. Títí di òní, nǹkan bí ìdajì òṣìṣẹ́ ìjọba Nunavut ni Inuit. Àwọn tó wà ní ipò ìsàlẹ̀ pọ̀, àwọn tó wà ní ipò tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí gíga kò tó nǹkan, ilé ẹ̀kọ́ tó yẹ kí ó ti kọ́ wọn ní èdè wọn dé òkè kò sì tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Àjọ tó dúró fún wọn, Nunavut Tunngavik, pe Ottawa lẹ́jọ́ ní 2006 lórí èyí àti àwọn ìlérí mìíràn tí kò mú ṣẹ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2015 pẹ̀lú mílíọ̀nù 255.5 dọ́là.

Ohun tó kù lọ́wọ́ Ottawa ni ilẹ̀ gan-an. Láti 1999, ìjọba Nunavut ń ṣàkóso ènìyàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kì í ṣe ti àwọn Inuit nínú àdéhùn, pẹ̀lú wúrà àti irin inú rẹ̀, wà lábẹ́ àṣẹ Ottawa. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní 2024, olórí ìjọba Kánádà ìgbà náà, Justin Trudeau, wá sí Iqaluit, òun àti P.J. Akeeagok tó jẹ́ olórí ìjọba Nunavut nígbà náà sì fọwọ́ sí ìwé tó fi àṣẹ náà lé Nunavut lọ́wọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2027 ni wọ́n dá fún ìfilénilọ́wọ́ náà.

Ní oṣù kẹjọ 2010, mínísítà kan wá sí Inukjuak láti tọrọ àforíjì lórúkọ Kánádà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kó lọ ní 1953 àti 1955. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú. Ní ọdún kan náà, wọ́n gbé ère òkúta méjì dúró. Èyí tó wà ní Grise Fiord, tí Looty Pijamini gbẹ́, jẹ́ obìnrin kan pẹ̀lú ọmọkùnrin kékeré àti ajá, obìnrin náà sì kọjú sí ọ̀nà Resolute. Èyí tó wà ní Resolute, tí Simeonie Amagoalik gbẹ́, jẹ́ ọkùnrin kan ṣoṣo tó kọjú sí Grise Fiord. Ìkànìyàn 2021 rí ènìyàn 144 lẹ́bàá obìnrin náà, ó sì rí 183 lẹ́bàá ọkùnrin náà. Òkun àti yìnyín ló wà láàárín wọn, kò sì sí títì.